Bí a ṣe ń ṣàpèjúwe ewé kí ẹni tí kò rí i lè mọ̀ ọ́n

Ẹnì kan rí igi kan, ó fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀. Ó kọ̀wé sí ẹni tó mọ igi pé, "Ewé rẹ̀ gùn díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ tutù, orí rẹ̀ mú." Igi tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu kò lóǹkà. Máńgòrò wà nínú wọn, kọfí wà nínú wọn, àìmọye igi inú igbó náà wà nínú wọn. Ẹni tí a kọ ọ́ sí kò rí ibì kankan dì mú.

Ká ní ohun tó kọ ni pé: "Méjì-méjì ni ewé rẹ̀ kọjú síra lára ẹ̀ka. Ewé ẹlẹ́yọ ni, kò pín sí ewé kéékèèké. Ibi tó fẹ̀ jù wà láàárín, gígùn rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀. Etí rẹ̀ kò léyín. Iṣan rẹ̀ yọ gedegbe lẹ́yìn, tí a bá sì gbé e sókè sí oòrùn, a ó rí àmì tóótòòtó tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá." Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹni tó mọ igi á ti máa ronú lọ sọ́dọ̀ gúáfà àti àwọn ìbátan rẹ̀ kó tó kà á tán.

Bí a ṣe ń kọ irú àpèjúwe kejì yẹn ni mo fẹ́ fi hàn yín. Àwọn onímọ̀ ewéko ti ní ọ̀rọ̀ fún un tipẹ́. Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó fi ìdí orúkọ ọlọ́rọ̀ méjì múlẹ̀ fún ewéko ní 1753, to ìrísí ewé lẹ́sẹẹsẹ, ó sì fi àwòrán hàn wọ́n. Látìn ni gbòǹgbò púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà. Àní títí di ìparí ọdún 2011, ẹni tó bá rí igi tuntun tí kò tíì lórúkọ gbọ́dọ̀ fi Látìn ṣàpèjúwe rẹ̀ kí ayé onímọ̀ tó gba orúkọ tó bá sọ ọ́. Ọdún 2012 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ bó bá fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí Látìn yìí bà yín lẹ́rù. Ẹni tó sọ ewé lórúkọ wo ewé, ó sì rántí ohun tó ti rí tẹ́lẹ̀: ọ̀kọ̀, ẹyin, ọfà, asà, ìyẹ́ ẹyẹ, àtẹ́lẹwọ́. Tí ẹ bá ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ewé wé, kò ní sọnù mọ́ yín lọ́wọ́.

Kí ẹ tó já ewé

Rúlà, pẹ́ńsù, ìwé tí ẹ ó kọ nǹkan sí, àti awò kékeré tó ń mú nǹkan tóbi lójú. Èyí tó ń mú un tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá ti tó. Fóònù dára fún fọ́tò, ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́ rúlà. Mo ti rí fọ́tò ewé tó rẹwà gan-an tí kò wúlò fún ohunkóhun, torí pé ẹni tó yà á ya ojú ewé nìkan: kò sí ẹ̀yìn ewé, kò sí ìdí rẹ̀, kò sí ibi tó ti so mọ́ ẹ̀ka, kò sì sí ohun tí a lè fi díwọ̀n rẹ̀.

Ẹ má ṣe mú ewé kan ṣoṣo. Ẹ mú márùn-ún ó kéré tán, láti àárín ẹ̀ka tó ti dàgbà. Ẹ fi ọ̀mùnú tó wà ní ṣóńṣó ẹ̀ka sílẹ̀, torí ewé rẹ̀ kò tíì gbó. Ẹ sì fi èyí tó rú láti ìdí kùkùté sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ewé irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ìrísí rẹ̀ a sì máa tan ènìyàn. Ọjọ́ orí ń yí ewé padà. Ọ̀pọ̀ igi yúkálíptọ́ọ̀sì, nígbà tó bá kéré, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó jókòó ṣinṣin sára ẹ̀ka láìsí ọ̀pá tó máa ń so ewé mọ́ ẹ̀ka, méjì-méjì ló sì kọjú síra. Nígbà tí igi yẹn kan náà bá dàgbà, ewé rẹ̀ á gùn tẹ́ẹ́rẹ́, á rọ̀ sísàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò sì máa jáde. Ẹni tó já ọ̀kan nínú méjèèjì láìmọ̀ á rò pé igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni òdùnkún: irú kan ní ewé tó jọ ọkàn, irú mìíràn ní ewé tó ya bí ìka ọwọ́, òdùnkún ni gbogbo wọn. Nítorí náà, bí ewé márùn-ún yín kò bá jọra, ẹ má yan èyí tó wù yín. Ẹ kọ ọ́ pé "láti báyìí títí dé báyìí."

Ibo ni ewé kan ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni olórí, òun ni púpọ̀ ènìyàn sì ń fò. Èmi náà fò ó. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, mo kọ nípa dóńgóyárò pé ewé rẹ̀ kéré, pé ó tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Mo wá irú igi bẹ́ẹ̀ nínú ìwé láàárín àwọn igi tí ewé wọn jẹ́ ẹlẹ́yọ, mo wá a tì. Ohun tí mo pè ní ẹ̀ka kì í ṣe ẹ̀ka. Ọ̀pá àárín ewé ni. Ohun tí mo pè ní ewé, ọmọ ewé ni. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, láti ibi tó ti so mọ́ igi títí dé ṣóńṣó, ewé kan péré ni.

Báwo la ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ẹ wá ojú. Ojú tí mò ń wí ni ìdì kékeré tí ẹ̀ka tuntun ń gbà rú jáde, irú èyí tó wà lára igi ẹ̀gẹ́ tí a bá gé e láti gbìn. Ojú máa ń wà ní kọ̀rọ̀ ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, lókè ọ̀pá ewé náà gan-an. Kì í wà ní ìdí ọmọ ewé. Torí náà, ẹ mú ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́ ewé, ẹ tẹ̀ lé ọ̀pá rẹ̀ wá sísàlẹ̀, kí ẹ wo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ojú bá wà níbẹ̀, ewé ni lóòótọ́. Bí kò bá sí, ẹ máa tẹ̀ lé ọ̀pá lọ títí ẹ ó fi bá ojú. Ibẹ̀ ni ewé ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn ojú yìí kéré débi pé awò nìkan ló lè rí i; ẹ má kánjú.

Àmì mìíràn wà tó ń ti èyí lẹ́yìn. Ẹ̀ka máa ń ní ọ̀mùnú ní ṣóńṣó rẹ̀, ó ṣì ń dàgbà lọ. Ọ̀pá àárín ewé kò ní in. Ọmọ ewé kan ló máa ń parí sí, tàbí kó dá dúró lásán.

Ẹ wá fi ìdánwò yìí wo flamboyant, igi olódòdó pupa tó ń tan bí iná. Ewé rẹ̀ ní ọ̀pá àárín kan, ọ̀pá náà ní ẹ̀ka lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì ní ọmọ kéékèèké tí kò ju èékánná lọ ní ọ̀pọ̀ méjì-méjì. Ewé kan ṣoṣo nìyẹn, ó sì lè gùn tó ìdajì mítà. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "ewé rẹ̀ kéré bí èékánná" ti ṣìnà láti orí ìlà àkọ́kọ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ rere tó lè tẹ̀ lé e tí yóò mú un padà.

Ewé tí kò pín sí ọmọ ni mò ń pè ní ewé ẹlẹ́yọ. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní simple. Èyí tó pín sí ọmọ ni mò ń pè ní ewé ọlọ́mọ. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni compound.

Ọ̀fìn kan tún wà níbí. Ewé ẹ̀gẹ́ àti ewé ìbẹ́pẹ ya bí ìka, wọ́n sì jọ ewé ọlọ́mọ. Wọn kì í ṣe ọlọ́mọ. Ẹ wo ibi tí àwọn ìka náà ti pàdé: ẹran ewé so gbogbo wọn pọ̀ níbẹ̀, ẹ ò lè yọ ìka kan láìfa ẹran ewé ya. Ewé ẹlẹ́yọ tó ya ni, lobed ni wọ́n ń pè é. Ẹ wá lọ wo ewé àràbà. Òun náà dà bí ìka, ṣùgbọ́n ìka kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí ọ̀pá kékeré tirẹ̀, ẹ lè yọ ọ̀kan kúrò kí ìyókù má sì mọ̀. Ewé ọlọ́mọ ni ti àràbà.

Bí ọmọ ewé ṣe tò

Bí ewé yín bá jẹ́ ẹlẹ́yọ, ẹ fo ìpín yìí.

Tí ọmọ ewé bá tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀pá àárín bí irun ìyẹ́ ẹyẹ, pinnate ni, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ìyẹ́. Dóńgóyárò, rósì àti ọ̀pẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ka ọmọ tó wà ní ṣóńṣó: bí ọ̀kan bá dá wà níbẹ̀, iye ọmọ yóò jẹ́ iye tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, bíi ti rósì tó sábà máa ń ní márùn-ún tàbí méje. Bí ó bá jẹ́ pé méjì ló parí rẹ̀, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, ó máa ń ya ìdílé sọ́tọ̀. Bí ọ̀pá àárín fúnra rẹ̀ bá tún pẹ̀ka kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀, bíi ti flamboyant, bipinnate ni.

Tí gbogbo ọmọ bá jáde láti ojú kan ṣoṣo bí ìka láti àtẹ́lẹwọ́, palmate ni. Àràbà nìyẹn, oṣè náà nìyẹn. Tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta péré, trifoliate. Ewé ẹ̀wà rí bẹ́ẹ̀. Èsúrú náà rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ lẹ ó sì ti mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí iṣu, tí ewé tirẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́yọ tó jọ ọkàn, kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ láti wo ohun tó wà nísàlẹ̀.

Ewé ọsàn ló máa ń dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó dà bí ẹlẹ́yọ pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀pá rẹ̀ ti pàdé ara ewé, ẹ ó rí oríkèé kan, ọ̀pá náà á sì sábà ní ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì. Àwọn onímọ̀ ka ewé yìí sí ewé ọlọ́mọ tó ṣẹ́ ku ọmọ kan.

Ìjókòó ewé lára ẹ̀ka

Ẹ padà sí ibi tí ojú wà. Ewé mélòó ló jáde níbẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan, alternate ni. Bí ó bá jẹ́ méjì tó kọjú síra, opposite ni. Ẹfinrin àti tíìkì rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó yí ẹ̀ka ká bí òrùka, whorled ni. Ahùn àti asofẹ́yẹjẹ jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Bí gbogbo ewé bá sì tẹ́ yíká ilẹ̀ láti ìdí kan láìsí igi tó gbé wọn sókè, rosette ni orúkọ rẹ̀.

Láàárín àwọn tó ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ló ń yí ẹ̀ka ká bí àtẹ̀gùn, igun tó wà láàárín ewé kan àti èyí tó tẹ̀ lé e a sì máa súnmọ́ 137.5°. Kò yẹ kí ẹ wọ̀n ọ́n. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé bí ewé ò ṣe bo ara wọn mọ́lẹ̀ kì í ṣe èèṣì.

Ìrísí ara ewé

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, ibí náà ni ènìyàn ti ń dárúkọ kó tó wò ó. Ohun méjì péré ni ẹ nílò kí ẹ tó ya ẹnu sọ̀rọ̀: ibi tí ewé ti fẹ̀ jù, àti iye ìgbà tí ìbú rẹ̀ wọ inú gígùn rẹ̀. Bí ewé bá jẹ́ ọlọ́mọ, ọmọ ewé ni ẹ ó wọ̀n báyìí.

Ẹ ṣẹ́ ewé po, kí orí rẹ̀ kan ìdí rẹ̀. Ẹ yọ ọ̀pá kúrò nínú ìṣírò. Ara ewé nìkan ni. Ìlà tí ó bá ṣẹ́ ni àárín rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ padà, kí ẹ wo ibi tó fẹ̀ jù sí ìlà náà.

Bí ibi tó fẹ̀ jù bá wà nísàlẹ̀ ìlà, lápá ibi tí ọ̀pá wà, ewé náà wà nínú ìdílé ovate. Ẹyin ni wọ́n fi wé, ẹyin tó fi ìdí ńlá jókòó. Bí ó bá wà lókè ìlà, ẹyin ti dojú dé: obovate. Ẹ di "ob" yìí mú. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí i níwájú orúkọ ìrísí, ó túmọ̀ sí pé ìrísí náà yí orí padà. Bí ó bá wà lórí ìlà gan-an, elliptic ni. Bí ẹ kò bá sì rí ibi tó fẹ̀ jù, torí pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń bá ara wọn lọ bákan náà bí ojú irin rélùwéè, oblong ni bí ó bá fẹ̀ díẹ̀, linear ni bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ọ̀pọ̀ koríko.

Ẹ wá wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ìbú pín gígùn. Ewé tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 24 tó sì fẹ̀ ní 6 jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Nǹkan bí ìlọ́po kan àbọ̀ sí méjì ni ovate àti elliptic sábà máa ń jẹ́. Bí ovate bá gùn dé ìlọ́po mẹ́ta sókè, lanceolate ni a ń pè é, ìyẹn ni ewé tó dà bí ẹnu ọ̀kọ̀. Bí gígùn àti ìbú bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí etí rẹ̀ sì rí róbótó, orbicular ni.

Ẹ ṣọ́ra fún lanceolate. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń sáré lò ni, kì í sì í ṣe ohun kan náà ni gbogbo òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Àwọn kan nínú àwọn àgbà lò ó fún ewé tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ jù láàárín. Lónìí, ọ̀pọ̀ ń lò ó fún èyí tó fẹ̀ jù nísàlẹ̀ àárín. Nítorí náà, èmi kì í kọ ọ́ ní àdáwà. Mo máa ń fi iye kún un: "lanceolate, ó fẹ̀ jù ní ìdá kan nínú mẹ́ta láti ìsàlẹ̀, gígùn jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ìbú." Ẹni tó bá kà á kò ní í ṣì mí gbọ́, ohun yòówù tí wọ́n kọ́ ọ.

Ìrísí tó kù rọrùn láti mọ̀. Onígun mẹ́ta ni deltoid. Bíi kíndìnrín, tó fẹ̀ ju bó ṣe gùn lọ, ni reniform. Bíi ṣíbí, orí róbótó lórí ìdí tẹ́ẹ́rẹ́, ni spatulate. Cordate ni èyí tó jọ ọkàn, ṣùgbọ́n ọkàn tí wọ́n ń yà sórí káàdì ni, kì í ṣe èyí tó ń lù láyà: ìdí rẹ̀ ní kòtò, èjìká rẹ̀ méjèèjì rí róbótó, orí rẹ̀ sì mú. Bí èjìká méjèèjì bá mú, tí wọ́n sì dojú kọ ìsàlẹ̀ bí etí ẹnu ọfà, sagittate ni. Bí wọ́n bá mú ṣùgbọ́n tí wọ́n kọjú sí ẹ̀gbẹ́, hastate ni.

Peltate yẹ kó gba ìṣẹ́jú kan lọ́wọ́ wa, torí ohun tó ń sọ kì í ṣe etí ewé. Asà ni wọ́n fi wé, asà tí ibi ìdìmú rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pá ewé kò so mọ́ etí, inú ara ewé lápá ẹ̀yìn ló gún. Òṣíbàtà orí omi rí bẹ́ẹ̀, ìlárà náà rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó ti wúlò fún mi jù ni ọ̀dọ̀ kókò. Oríṣi kókò méjì ló wọ́pọ̀ nínú ilẹ̀ olóoru, Colocasia àti Xanthosoma, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ ewé wọn yàtọ̀. Ẹ yí ewé padà, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ti Colocasia, ọ̀pá rẹ̀ gún ara ewé nínú, ó jìnnà díẹ̀ sí kòtò tó wà láàárín èjìká méjèèjì. Ti Xanthosoma, kòtò náà wọlé títí ó fi kan ọ̀pá. Ìyàtọ̀ tí ènìyàn lè rí láìlo ohunkóhun ju ojú rẹ̀ lọ nìyẹn, bó bá ti mọ ibi tó yẹ kó wò.

Orí àti ìdí

Orí ni ṣóńṣó ewé tó jìnnà jù sí ọ̀pá. Ìdí ni ibi tí ọ̀pá ti so. Acute àti acuminate ni wọ́n ń dà pọ̀ jù. Àwọn méjèèjì mú. Ní acute, ẹ̀gbẹ́ ewé bọ̀ wá pàdé ara wọn ní ìlà tó nà gbọọrọ tàbí tó yọ síta díẹ̀. Ní acuminate, wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ sínú kí wọ́n tó mú, ìyẹn ló mú kí orí ewé ní ìrù kékeré. Ẹ fi rúlà lé ẹ̀gbẹ́ orí ewé: bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín rúlà àti ewé lẹ́bàá ṣóńṣó, acuminate ni. Àwọn igi inú igbó olójò máa ń ní irú ìrù yìí gan-an, omi òjò a sì máa gba ibẹ̀ kán sílẹ̀.

Orí tó kú ni obtuse. Èyí tó dà bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e ní ìbú ni truncate. Èyí tó ní kòtò lórí ni emarginate. Èyí tí iṣan àárín yọ jáde níbẹ̀ bí ẹ̀gún kékeré ni mucronate.

Ní ìdí, cuneate ni èyí tó ń tín wálẹ̀ ní ìlà gbọọrọ bí irin àáké ṣe ń tín lọ sí ẹnu. Cordate tún padà wá síbí, torí ìdí ewé lè jọ ìdí ọkàn kí ìyókù ewé má jọ ọkàn rárá. Ẹ sọ èyí tí ẹ ń wí nínú méjèèjì. Oblique ni ìgbà tí ẹ̀gbẹ́ kan bá rẹlẹ̀ ju èkejì. Ọmọ ewé dóńgóyárò ní in, ó hàn tí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí ìwé onílà.

Etí

Etí tí kò ní eyín rárá ni entire, bíi ti máńgòrò. Ẹ rántí pé etí lè máa ṣe wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ sókè sódò bí ìgbì kó má sì ní eyín kankan. Undulate ni ìyẹn, entire sì ni síbẹ̀.

Bí eyín bá wà, ìka yín ló máa sọ irú rẹ̀. Ẹ fi ìka ra etí ewé láti ìdí lọ sí orí, kí ẹ wá dà á padà láti orí wá sí ìdí. Bí ó bá yọ̀ ní lílọ, tí eyín sì kọ́ ọ ní bíbọ̀, serrate ni, eyín ayùn tó dojú kọ orí ewé. Rósì nìyẹn. Bí eyín bá kọjú síta tààrà, dentate ni. Bí eyín bá rí róbótó, crenate ni, ẹ lọ wo àbàmọ̀dá. Nínú kòtò tó wà láàárín àwọn eyín róbótó yẹn ni ọmọ rẹ̀ ti ń hù jáde. Bí àbàmọ̀dá yín bá ti dàgbà, ẹ wo ewé òkè: ó lè ti di ọlọ́mọ mẹ́ta tàbí márùn-ún, nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ṣì jẹ́ ẹlẹ́yọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ni eyín ewé já mọ́, ẹ sọ fún un nípa Bailey àti Sinnott. Ní 1915, àwọn onímọ̀ méjì yìí fi hàn pé bí ilẹ̀ bá ṣe ń móoru tó ni ìpín àwọn igi tí etí ewé wọn kò léyín ń pọ̀ sí níbẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń wú ewé tó ti di òkúta jáde nínú ilẹ̀ ti ń ka eyín etí wọn láti fòye mọ bí ibẹ̀ ṣe móoru tó ní ìgbà láéláé.

Ara, irun, iṣan

Ẹ fọwọ́ pa á lójú àti lẹ́yìn. Èyí tí kò ní irun rárá ni glabrous. Èyí tó ní irun wẹ́wẹ́ ni pubescent. Èyí tó gán ọwọ́ ni scabrous. Ewé eèpín kò nílò àlàyé, ó gán tó bébà tí káfíńtà fi ń dán igi. Ẹ̀yìn ewé ṣe pàtàkì ju ojú lọ níbí, torí ibẹ̀ ni irun sábà máa ń pọ̀ sí.

Iṣan: bí wọ́n bá ń bá ara wọn lọ láìpàdé bíi ti àgbàdo, bí wọ́n bá yà kúrò lára iṣan àárín bí ìyẹ́, bí ọ̀pọ̀ bá jáde láti ìdí kan. Ẹ kọ èyí tí ẹ rí. Ẹ wò ó bóyá ó ní oje funfun nígbà tí ẹ já a, kí ẹ sì má fọwọ́ oje bẹ́ẹ̀ kan ojú, nítorí nínú wọn ni èyí tó lè ba ojú jẹ́. Ohun kan tí mo fi tọkàntọkàn bẹ̀ yín ni pé, kí ẹnikẹ́ni má jẹ ewéko tàbí mu ún nítorí pé ewé rẹ̀ bá àpèjúwe mu. Òdòdó àti èso gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sì rí i.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ máa tẹ̀ lé ètò kan náà nígbà gbogbo: ìjókòó, ẹlẹ́yọ tàbí ọlọ́mọ, ọ̀pá, ìrísí, ìwọ̀n, ìdí, orí, etí, ara. Ètò kan náà ni yóò jẹ́ kí ẹ rí ohun tí ẹ gbàgbé. Ti máńgòrò rèé:

"Alternate, ewé ń yí ẹ̀ka ká, wọ́n kóra jọ sí ṣóńṣó ẹ̀ka. Ẹlẹ́yọ. Ọ̀pá rẹ̀ wú níbi tó ti so mọ́ ẹ̀ka. Láti oblong tẹ́ẹ́rẹ́ títí dé lanceolate, gígùn jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ìbú; ó sábà máa ń gùn ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30. Ìdí cuneate. Orí acute tàbí acuminate. Etí entire, ó ń ṣe bí ìgbì díẹ̀. Glabrous. Ewé tuntun pọ́n, ó sì rọ̀ sísàlẹ̀. Ó ń ta sánsán bí oje igi tí a bá fún un."

Tí ẹ bá ti kọ tiyín, ẹ fún ẹni tí kò rí ewé náà rí, kí ó ka ohun tí ẹ kọ, kí ó sì yà á. Ẹ má ràn án lọ́wọ́, ẹ má fi ọwọ́ júwe. Bí àwòrán rẹ̀ kò bá jọ ewé yín, ẹ wá ọ̀rọ̀ tó ṣì í lọ́nà. Nígbà tí mo ṣe èyí pẹ̀lú ewé àbàfẹ̀, mo ti kọ ọ́ pé "ewé náà pín sí méjì." Ẹni tó kà á ya ọmọ ewé méjì lórí ọ̀pá kan. Mo pa gbólóhùn yẹn rẹ́, mo kọ ọ́ pé: "Ewé ẹlẹ́yọ, ó fẹ̀, ìdí rẹ̀ jẹ́ odindi, kòtò kan wọlé láti orí rẹ̀, kò sì dé àárín, èjìká tó kù lọ́tùn-ún àti lósì rí róbótó." Ó mú pẹ́ńsù padà. Ewé àbàfẹ̀ ló yà.